Òkúta Rédíò Mẹ́rin

Olùkọ́ fisíìsì ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé kan lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ṣì ń gbé ní Ṣàgámù. Olùkọ́ ará Íńdíà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ fi bàlúù ìṣeré kan tó ti fọ́ ta mí lọ́rẹ. Sáfò méjì wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ kéékèèké tí í yí apá débi tí a bá ní kó dé, tí yóò sì dúró síbẹ̀. Mo fi wọ́n ṣe apá fún ènìyàn kan tí mo fi agolo mílíìkì kàn, kí n lè fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi. Kò ga ju ìgò ọtí lọ, ó sì burẹ́wà.

Iná tí yóò gbé e ló dà mí láàmú. Nílé wa, òkúta rédíò kì í kú tán. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, bàbá mi á sá a sórí páànù ilé ìdáná kí oòrùn pa á, rédíò á sì tún sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Irú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Mítà tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò ní iná pé. Ṣùgbọ́n bí apá bá ti fẹ́ gbé nǹkan báyìí, iná á wálẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Rédíò a máa lá iná díẹ̀díẹ̀ ni, sáfò a máa gbé e mì.

Nítorí náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, tí bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo yọ òkúta tuntun mẹ́rin kúrò nínú rédíò wọn, mo fi ti orí páànù rọ́pò. Mo mọ ohun tí rédíò yẹn wà fún lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó tọ́ wọn dàgbà, ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin, ọmọ náà sì ti ránṣẹ́ pé bí ó bá le sí i, òun yóò kéde lórí rédíò kí bàbá mi máa bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó tì í. Mo ṣírò rẹ̀ pé òkúta orí páànù náà á gbé e dé ìparí ìkéde. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, rédíò ka ìròyìn tán, ó bẹ̀rẹ̀ ìkéde, ohùn rẹ̀ wá tín-ín-rín, ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń gbá a lẹ́yìn. Nínú yàrá mi, apá agolo gbé páálí ìṣáná dúró, kò gbọ̀n rárá. Mo ń wo aago kí n mọ iye ìṣẹ́jú tó lè gbé e. Kí n yọ òkúta náà kí n gbé e fún wọn kò ní pẹ́ ju kí ènìyàn mumi lọ. Mi ò dìde. Ojú tì mí. Nígbà tó ṣe, ojú ò tilẹ̀ tì mí mọ́, aago ni mo kàn ń wò.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń ta obì ní Sábó yà sílé wa.

Ó ní, "Ẹ ṣì wà níhìn-ín? Rédíò pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Bàbá mi dìde. Wọ́n mú fìlà, wọ́n lọ wọkọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n wọn ti dákẹ́, títí ẹ̀mí fi bọ́ ló sì ń bèèrè bóyá àbúrò òun ti dé.

Mi ò sunkún. Mo gbé ènìyàn agolo lọ sílé-ìwé, ó nawọ́ sókè, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti ń pa á.

Nígbà tí bàbá mi ti ìsìnkú dé, wọ́n tú ẹ̀yìn rédíò, wọ́n yọ òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n gun àpótí, wọ́n tò ó sórí páànù.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo gbọ́kàn lé e pé tuntun ni. Ó yẹ kí n ti sá a sóòrùn láti Sátidé."

Òkúta tuntun wọn ṣì wà lẹ́yìn ènìyàn agolo, nínú yàrá mi. Mo bá wọn di àpótí náà mú, kí wọ́n má baà ṣubú.