Àdúrà Tí N Kò Lè Gé

Ní àwọn ọdún tí fóònù tó ń ya fídíò tó dára kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ ará Ìkòtún, èmi ni ẹgbẹ́ òṣèlú wa máa ń pè bí ìpàdé bá wà. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe lójú ọ̀nà Igando, mo sì tún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tọkàntọkàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí ìdí tí mo fi máa ń wo ilẹ̀ bí Alájà Sìdí bá kí mi, ìdí rẹ̀ nìyí.

Alájà Sìdí, aránṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́, fẹ́ ṣe kánsílọ̀. Ìbò abẹ́lé ni, ìlà la ó tò sẹ́yìn ẹni tí a bá fẹ́, lórí pápá ilé ìwé kan. A mọ̀ pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ní ẹni tiwọn, ọkùnrin kan tó ń ta ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé fídíò ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí wa. Mo so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà kó máa gbà á sílẹ̀ tààrà.

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í jẹ́ kí fídíò kan gùn jù. A ó dá a dúró, a ó tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kó má baà jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni yóò bá kọ̀ǹpútà lọ bó bá kú lójijì. Mo mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìbò yẹn, Bàbá Alága ẹgbẹ́ wa ti wà lẹ́nu àdúrà. Bí mo ṣe nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó la ojú kan.

"Kí lò ń pa níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ dá a dúró díẹ̀ kí n tún un bẹ̀rẹ̀ ni."

"O fẹ́ gé àdúrà àgbà sí méjì? Jẹ́ kó máa lọ jàre!"

Gbogbo pápá yíjú sí mi. Mo fa ọwọ́ padà. Lẹ́yìn tirẹ̀, wòlíì aláṣọ funfun kan gbàdúrà tirẹ̀, ìkíni àwọn olóyè ẹgbẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ojú ń tì mí láti tún nawọ́. Fídíò kan ṣoṣo yẹn ló ń lọ títí a fi tòlà. Ìlà Alájà dé ẹnu géètì, ó tún ṣẹ́rí padà. Ti onílẹ̀ kò gùn tó ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ka ẹni ìkẹyìn tán, kọ̀ǹpútà kú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì kéde pé onílẹ̀ ló wọlé.

Alájà kò janpata. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde ṣá," ó ní. "Fídíò wà."

Níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ìbò náà, fídíò kò ṣí.

"Fídíò ọ̀hún dà, ọ̀gbẹ́ni?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, sà. Ó máa ṣí."

"Àbí ẹ ò ya nǹkan kan ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n da ẹjọ́ nù, wọ́n sì pe Alájà ní òpùrọ́ níṣojú àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

Àwòrán kò kúkú sọnù. Ìgbà tí a bá dá irú fídíò bẹ́ẹ̀ dúró ni kọ̀ǹpútà tó máa ń kọ ibi tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà kú mọ́ lọ́wọ́ dà bí agbádá tí a rán tán tí a kò la ọrùn rẹ̀: aṣọ pé, orí ò wọlé. N kò gba nǹkan mìíràn sórí kọ̀ǹpútà náà, kó má baà pa á rẹ́. Mo ṣe ẹ̀dà fídíò tó bàjẹ́, mo sì wá òmíràn tó yè, tí kámẹ́rà kan náà yà lọ́nà kan náà, kí ohun èlò àtúnṣe lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó ṣí nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Àmọ́ nígbà tí òtítọ́ wa bá irọ́, irọ́ ti jókòó sórí àga, ìgbìmọ̀ sì ti túká.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alájà. Ó wo ìlà rẹ̀ títí, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Èmi náà ti ń rò ó pé bóyá n kò rí i dáadáa ni," ó ní. "Wọ́n pè mí ní òpùrọ́ títí, mo fẹ́ gbà á gbọ́. O ṣeun, àbúrò mi."

Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Lónìí, ẹgbẹ́ gbà pé kí oníkálukú máa ya kíkà ìbò. Ìyẹn la jèrè. Alájà kò du ipò kankan mọ́, kò sì sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, Bàbá Alága wà láàárín àdúrà nígbà tí mo pa kámẹ́rà, tí mo sì tún un tàn. Ó la ojú kan wò mí, mo sì wò ó padà. Mo gbọ́ ohùn Alájà lẹ́yìn mi, tó ń ṣe àmín. N kò lè yíjú wò ó.