Ohun Tí Bàbá Mi Ń Wò

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, apá ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì; ohùn ni gbogbo Ìlaròó fi mọ̀ wọ́n. Mo kó ẹrù mi kúrò ní Ayétòrò, mo padà sílé kí n lè ran màmá mi lọ́wọ́.

Ìròyìn kì í tu bàbá mi lára. Ìwàásù ń bí wọn nínú, torí wọ́n fẹ́ fèsì, ahọ́n kò sì gbà. Kàtúùnù ológbò àti èkúté kan tí ọmọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó wá kí wọn nìkan ni wọ́n fẹ́ràn. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àfi orin àti ariwo. Ológbò á lé èkúté, á forí sọ ilẹ̀kùn, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, á tún dìde. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Ológbò ilé wa á máa sùn lẹ́sẹ̀ wọn ní tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n mú iná lọ. Mo ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi ní pálọ̀. Mo rò pé iná ti dé. Mo tan gílóòbù, kò tàn. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Mo yọjú wò wọ́n. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Bàbá mi tẹjú mọ́ ọn, orí wọn ń yí láti òsì lọ sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń fojú tẹ̀lé ohun tó ń rìn. Ológbò jókòó ṣánṣán, orí tirẹ̀ náà ń yí. Àwọn méjèèjì jọ dúró, wọ́n tún jọ yí i padà.

Mo pe màmá mi láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi etí ìró nu ọwọ́.

"Bó ṣe ń rí láti bí ọjọ́ mélòó kan nìyẹn," ni Màmá wí.

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Inú wọn ń dùn. Fi wọ́n sílẹ̀."

N kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kan ń bọ̀ láti Ìbèsè, fèrèsé gbọ̀n bó ṣe ń kọjá, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣẹ́jú. Mo wo ojú tẹlifíṣọ̀n: bàbá mi, èmi, ológbò. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń wò?"

Orí wọn dúró. Ológbò dìde, ó rọra lọ sídìí ògiri tí kò ní ihò kankan, ó fimú kàn án.

"Ó ti wọlé," ni bàbá mi wí.

Ọ̀rọ̀ náà já geere, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ni níwájú kíláàsì. Màmá mi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń padà díẹ̀díẹ̀: omi, ó tó, pa ilẹ̀kùn dé. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, mo sì gbà. Nígbà tí mo bi bàbá mi léèrè ohun tó wọlé, wọ́n wò mí títí.

"Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọn kò bèèrè kàtúùnù mọ́. Ológbò kì í wọ pálọ̀ mọ́. Bí a bá gbé e débẹ̀, á fi èékánná ya wá lọ́wọ́, á sì sá.

Kí n tó padà sí Ayétòrò, Màmá ní kí n bá àwọn gbé àga bàbá mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé afẹ́fẹ́ dára níbẹ̀. A jọ gbé e. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń jókòó sí báyìí, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tó ń falẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá.