Igbẹ́kọ̀yí Kọ́ Ayaba ní Ìrìn

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ojú mi ló ṣe. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti Igbẹ́kọ̀yí ti ń ránṣọ lábẹ́ páànù kan náà létí títì àdúgbò Agbonou. Ṣẹ̀fíátù ni orúkọ mi. Bàbá mi ló kó wa láti Ṣakí wá ta aṣọ ní Atakpamé, ilẹ̀ Togo, èmi ni mo ní dípò kí n máa ta á, màá máa gé e. Igbẹ́kọ̀yí ní tirẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Togo níbí ni, ọmọ onílẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un ní kékeré, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi ń tẹ maṣíìnì, síbẹ̀ ó ń rán aṣọ jù mí lọ. Ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ọmọ mẹ́ta ló kú kí wọ́n tó bí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́. Nígbà tí èyí wá dúró, tí àrùn tún mú un lẹ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Ó ń pọ̀n ọ́n lọ sóko, ó ń pọ̀n ọ́n lọ sódò, ó ń pọ̀n ọ́n títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọdún yẹn ni àwọn òṣèré kan láti Atakpamé gbé eré wọn wá sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ abúlé wọn.

Ayaba Atiro ni wọ́n ń pe eré náà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọwọ́ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Orin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ogun wọ ìlú, gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ sá, ọba gan-an sá, adé já bọ́ lórí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ayaba tó ń tiro nìkan ló ṣẹ́kù. Ó rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí ẹnu ibodè, ó gbé orin, ó ń jó. Àwọn ọmọ ogun dúró wò ó, wọ́n wò ó títí wọ́n fi gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe.

Nígbà tí eré parí, ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún pọ̀n ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní kó má pọ̀n òun mọ́.

"Ayaba kì í gun ẹ̀yìn èèyàn."

Ọ̀nà tí kò tó ìdajì wákàtí, wọ́n fi ọ̀sán rìn ín di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ń kọrin níwájú, ìyá ń sunkún lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀rẹ́ mi kò dákẹ́ mọ́. Orin ayaba ló fi kọ́ iṣẹ́ aṣọ, òun náà ló ń kọ sí mi létí láti àárọ̀, débi pé èmi tí wọ́n kọ́ ní kéwú, mo ń kọ ọ́ lójú oorun. Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pé àánú rẹ̀ ló ṣe òun tí òun fi fẹ́ fi í ṣaya. Igbẹ́kọ̀yí fi téèpù tí a fi ń wọn aṣọ lé e dé títì. Ijó nìkan ni ìyá rẹ̀ kò gbà fún un. Ó ní kó rìn, kó kọrin, kó ránṣọ, ṣùgbọ́n kó má wọ agbo ijó, nítorí inú agbo ijó lèèyàn ti ń ṣubú lójú gbogbo ayé.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣèré náà gbé eré ọ̀hún dé Agbonou. Dorothée ló ń ṣe ayaba. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tiro jáde, ó kọrin, ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tó máa padà, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro. Èmi ò rí i. Gbogbo Agbonou ò rí i. Àfi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe dìde láàárín èrò:

"Non, non, non! Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni! Ọ̀tún lẹ fi jáde lẹ́ẹ̀kan!"

Dorothée wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín bú. Mo fi ìborùn bo ojú, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Laurent, ọ̀gá àwọn òṣèré, yọjú lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní, "Madame, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mùsíé. Ó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ẹni tí ẹ̀gún gún ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ayaba ní ibi tó ń lọ."

Ló bá rìn bọ́ síwájú láti fi hàn wọ́n. Ó fi ọwọ́ ti itan, ara yí, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ó tún fi ọwọ́ ti itan. Onílù kan kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ.

Laurent ní kó wá kọ́ Dorothée. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Dorothée fi ń wá sábẹ́ páànù wa. Ó so ọmọrogùn mọ́ orúnkún kí ẹsẹ̀ má baà ká, ó ṣubú sínú apẹ̀rẹ̀ èérún aṣọ mi. Nígbà tó yọ jáde, ó kọjú sí Laurent tó wá wò wá, ó ní, "Laurent, jẹ́ kí obìnrin yìí ṣe ayaba. Kí ẹ fún mi ní ipa ìyálé burúkú inú eré náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n ṣe ìkà." Laurent gbà. Igbẹ́kọ̀yí pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà kan, àwọn tí à ń pè ní zémi, fi dúró, ó rò pé wọ́n ń pe òun ni. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bí o bá ṣubú ńkọ́?"

Ọmọ ń tẹ maṣíìnì rẹ̀ lọ. Nígbà tó ku àwa méjì, ó sọ fún mi pé, "Ṣẹ̀fíátù, bí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín, màá bú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá káàánú mi lórí pátákó tí wọ́n ti ń ṣeré yẹn, ayaba ti kú nìyẹn. Mi ò ní lè kọ orin yẹn mọ́ láé." Mi ò mọ Igbẹ́kọ̀yí tí kò kọrin.

Ìlú Elavagnon ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà. Ìyá bá wa lọ, ó ní òun kò wá wòran, òun wá gbé ọmọ òun nílẹ̀ ni. Iwájú gan-an ló jókòó sí. Orin àkọ́kọ́ dùn. Dorothée ṣe ìkà débi pé wọ́n ń ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù ú, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó kan ijó ẹnu ibodè, ọ̀rẹ́ mi yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí àlàfo pátákó méjì, ó lulẹ̀ gbì.

Onílù gbé ọwọ́ kúrò lórí ìlù. Àwọn elégbè na ọwọ́ sí i. Ìyá ti dé ẹsẹ̀ pátákó, ó na apá méjèèjì. Láti ilẹ̀, Igbẹ́kọ̀yí ní:

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ijó ni mò ń jó."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu pátákó, ó tún lù ú. Onílù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan lẹ́yìn wa mi orí, ó ní, "Áà, ó mà ṣe o!"

Ìyá yí padà sí i, ojú pọ́n.

"Kí ló ṣe? Mo ní kí ló ṣe? O ò gbọ́ ohun tó sọ ni? Ijó ni ọmọ mi ń jó!"

"Ìyá, ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà wí, ó yára bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín bú, àtẹ́wọ́ gba gbogbo ọjà. Igbẹ́kọ̀yí fi ọwọ́ ti itan, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ń kọrin lọ sí ẹnu ibodè. Ìyá kò padà sórí ìjókòó. Níbi tó dúró sí, níwájú gbogbo Elavagnon, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò mọ̀ ọ́n jó rárá! Apá ń lọ síhìn-ín, ìdí ń lọ sọ́hùn-ún, ìlù ń lọ níbi tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo nu ojú tán ló tó yé mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ọmọ rẹ̀ ti dáyé tí kò wọ agbo ijó, òun náà kò wọ̀ ọ́.