Igi Orí Òkè Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Nígbà tí ìyàwó mi gbé igi náà dé láti Colorado, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Orí òkè olótùútù ni irú rẹ̀ ti ń hù, láàárín àpáta. Kì í ga, kì í sì í wọ́wé tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Mo ní, "Houston nìyí o. Ooru á pa á."

Ó ní, "Omi ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbẹ."

Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ bí ebè sẹ́yìnkùlé wa ní Missouri City, létí Houston, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í dé, ó sì gbìn ín sórí rẹ̀. Igi náà yè. Ìyàwó mi ni kò yè. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, igi náà rudi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ rí òdòdó yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ oúnjẹ lọ.

Màmá mi ti wá láti ilé kí n má baà dá gbé. Iṣẹ́ ìròyìn gbé mi lọ sí Dallas fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìnkùlé mọ́ tónítóní. Gbogbo òkúta ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ilẹ̀ dúdú ló yí igi náà ká, ó rin gbingbin.

"Màmá, ta ló kó òkúta?"

"Èmi ni. Kì í jẹ́ kí n gbálẹ̀ dáadáa. Ta ní ń gbin nǹkan sínú òkúta, ẹ̀yin ọmọ ìwé?"

"Ẹ bomi rin ín?"

"Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Mo tún fi ìgbẹ́ adìẹ sí i."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o ti lọ. Ìyàwó rẹ ló gbìn ín. Mi ò ní jẹ́ kó kú mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo fìka wa ìdí rẹ̀ díẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti rọ̀, ó ń rùn bí èèpo iṣu tó pẹ́ nínú omi. Àwọn ìrudi ti já bọ́. Àmọ́ ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀; irú igi bẹ́ẹ̀ kì í tètè fi ikú rẹ̀ hàn.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ṣé ó ń ṣe dáadáa?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń kọ ohun tí ojú mi rí sínú ìwé ìròyìn, láìparọ́.

"Ó ń ṣe dáadáa, Màmá."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ bu omi wá fún un.