Ìṣísẹ̀ Gígùn Tinúọlá

Ọmọbìnrin kan ń bẹ ní Igando, Tinúọlá lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé pàtẹ. Ìṣirò ló ń ṣe ní yunifásítì, ìṣirò iná ìjọba. Bí wáyà ńlá kan bá já lójijì, gbogbo ẹ̀rọ tó ń pèsè iná á máa fì síwá, fì sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n tì. Ṣé wọ́n á padà dúró ni, àbí wọ́n á ṣubú kí ìlú ṣókùnkùn? Ohun tó ń wá nìyẹn.

Ta ni yóò lọ já wáyà ìjọba wò? Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe é. Yóò wo bí ẹ̀rọ ṣe wà báyìí, yóò fi ṣírò bí yóò ṣe wà tó bá ṣe díẹ̀, yóò tún ti ibẹ̀ ṣísẹ̀ mìíràn, títí dé òpin. Ìṣísẹ̀ kúkurú a máa pẹ́. Èyí tó gùn a máa yá.

Kò síná ní Igando lọ́sẹ̀ yẹn, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, bátìrì kọ̀ǹpútà kì í sì í ju wákàtí méjì lọ. Tinúọlá bá na ìṣísẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí iṣẹ́ lè tán kí bátìrì tó kú. Ó tán lóòótọ́. Àwòrán tó yọ bani lẹ́rù: wáyà kan péré já, ẹ̀rọ ń fì, fífì náà ń pọ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ dojú dé. Ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Báyọ̀dé. Ọ̀gá pè é lórí fóònù.

"Tinúọlá, ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yìí o. Lọ́jọ́bọ̀, wàá sọ ọ́ lójú àwọn tó ń bójú tó wáyà náà. Tó bá jóòótọ́, òun lo máa fi gboyè. Tó bá jẹ́ irọ́, a jọ tẹ́ nìyẹn."

Ilé ìyá ìyá rẹ̀, Àlájà Mọ̀nsúrát, ló ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ kan ni gbogbo àgbàlá ń lò, Àlájà sì ní òfin: bí ẹnìkan bá tan nǹkan tó wúwo, kí ẹlòmíràn dúró títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbé e mì. Etí ló fi ń mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àlájà ń kírun, Tinúọlá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Sheriff télọ̀, ayálégbé rẹ̀, kò dúró gbàṣẹ; ó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Jẹnẹrétọ̀ kérora. Sheriff sáré ti irin tó ń fún un lépo, ẹ̀rọ han gooro. Ẹ̀rù bà á, ó fà á sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀rọ fẹ́ kú. Ó tún tì í, ó tún fà á, títí ó fi kú pátá.

"Àlájà, jẹnẹrétọ̀ yín ti bàjẹ́ o!"

Àlájà sálámà tán, ó yíjú. "Ta ló bàjẹ́? Kó tó dáhùn títì, o ti fà á. Kó tó dáhùn fífà, o ti tì í. Ọmọ tó ń sunkún, ṣé sísọ sókè lẹ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nílé yín?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Díẹ̀díẹ̀ ni jàre!"

Ó ní kí Sheriff tún un tan, kó má yọ áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ kérora. Àlájà rọra ti irin náà bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó kérora lẹ́ẹ̀kejì, kò tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó balẹ̀. Áyọ́ọ̀nù gbóná.

Tinúọlá dìde lórí àpótí. "Ìyá àgbà, bóyá nǹkan témi náà ṣe nìyẹn. Ìṣísẹ̀ tí mo nà yẹn ń tì jù, ó ń fà jù. Bóyá ìṣirò mi ló ṣubú, kì í ṣe iná."

"O sì ti kéde ẹ̀?"

"Mo ti kéde ẹ̀."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Lọ kà á padà kí Ọjọ́bọ̀ tó ká ẹ mọ́."

Ó gé ìṣísẹ̀ náà sí mẹ́wàá. Iṣẹ́ náà gba wákàtí méjìdínlógún. Sheriff ló ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀, ó ní ìtánràn áyọ́ọ̀nù lòun ń san. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, àwòrán yọ. Ẹ̀rọ ń fì, fífì náà ń kéré sí i, ó dúró. Kò ṣubú. Tinúọlá jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ ńlá rẹ̀ ti lọ. Bó bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé àwòrán méjèèjì kalẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀gá, èyí tí mo fi ránṣẹ́ kò tọ̀nà. Ìṣísẹ̀ mi ló gùn jù."

Dókítà Báyọ̀dé doríkodò. Obìnrin kan láàárín àwọn tó ń bójú tó wáyà, Ìyáàfin Adéṣọlá, na ọrùn wo àwòrán. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìyá mi àgbà àti áyọ́ọ̀nù télọ̀ ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin náà ò rẹ́rìn-ín. "Báwo ni ìṣísẹ̀ ẹ àkọ́kọ́ ṣe gùn tó?"

Tinúọlá sọ fún un.

"Bí tiwa náà ṣe gùn nìyẹn," ó wí, "ọdún méjì la sì ti ń sá fún wáyà kan, a ò jẹ́ kó gbé iná púpọ̀, nítorí ẹ̀."

Dókítà Báyọ̀dé gbórí sókè. "Tinúọlá, iṣẹ́ oyè ẹ rèé: lọ wá bí ìṣísẹ̀ ṣe lè gùn tó kí ìṣirò fúnra ẹ̀ má ṣubú."

Nígbà tó délé, Àlájà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. "Wọ́n lù ẹ́?"

"Rárá o. Wọ́n fi kún iṣẹ́ mi."

"Iná ìjọba ńkọ́?"

"Kò ní ṣubú níbi tí mo wí, mà."

"Kí ló wá ń pa á lójoojúmọ́?"

Tinúọlá rẹ́rìn-ín, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì dúró kí Àlájà gbọ́ ẹ̀rọ tán kó tó ki wáyà rẹ̀ bọ iná.