Àríyànjiyàn Wa Lórí Kíríkẹ́ẹ̀tì Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní kíríkẹ́ẹ̀tì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà la lọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nígbà tí mo wọlé. Àwọn olùkọ́ òyìnbó tó mú eré náà wá síbẹ̀ ti lọ tipẹ́, àmọ́ pápá ṣì wà, báàtì mélòó kan tí wọ́n fi okùn dì ṣì wà, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ ò sì tíì tán. Ẹ̀gbọ́n mi ni balógun wọn. Tó bá ti dúró níwájú igi mẹ́ta tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń fẹ́ wó, báàtì lọ́wọ́, kì í ṣẹ́jú. Ó ní gbogbo ọgbọ́n eré náà ò ju kí èèyàn tètè rí bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ ẹni tó ń jù ú.

"Ọwọ́ ẹ̀ ni kó o máa wò," á sọ fún mi, "má wo ojú ẹ̀."

Chicago la tún ti wá bá ara wa. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní high school kan ní South Side títí ó fi rítáyà, fúláàtì rẹ̀ sì wà ní South Shore, níbi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣí fèrèsé, èèyàn á máa gbọ́ ariwo reluwé. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Joliet, ní láàbù hospital kan tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Saturday tí mi ò bá ti ní shift, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ. Màá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà la ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tá a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní irú eré wo ni wọ́n ń fi ọjọ́ márùn-ún ṣe, tí wọ́n á dúró jẹun ọ̀sán, tí wọ́n á tún dúró mu tíì, tó sì lè parí láìsí ẹni tó borí? Test nìyẹn, bí àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bínú. Á bi wọ́n pé láti ọdún wo ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, àti pé ta ló ti borí nínú àwọn àti ìyàwó wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni èmi àtòun ò ti fohùn ṣọ̀kan. Ojú ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣe Test látijọ́, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù pupa àti aṣọ funfun. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú kan tó máa ń ti ọ̀sán wọ alẹ́, lábẹ́ iná ńlá. Bọ́ọ̀lù pupa kì í hàn dáadáa lábẹ́ iná yẹn, funfun á sì pòórá mọ́ aṣọ àwọn eléré, ni wọ́n bá ṣe bọ́ọ̀lù píńkì.

Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ta ló lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ márùn-ún kó lọ jókòó sí pápá? Tó bá jẹ́ alẹ́, ẹni tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ á lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á lọ wo èyí tó kù. Oòrùn á ti rọlẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́, àwọn àga tó ti ń ṣófo á kún.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wòran lò ń sọ," ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn. "Àwọn tó ń ṣeré ńkọ́?"

Á wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìrì máa ń sẹ̀ sórí koríko lálẹ́, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú. Ó ní bọ́ọ̀lù píńkì tó ń rìn gaara lọ́sàn-án, tí iná bá ti tàn sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kọ́rọ́ nínú afẹ́fẹ́. Ikọ̀ tó bá gbá a lọ́sàn-án ń lá oyin, èyí tó bá kan ìrọ̀lẹ́ ń jẹ ata. "Ìyẹn kì í ṣe ìdíje mọ́," á ní, "tẹ́tẹ́ ni." Èyí tó wá burú jù lójú rẹ̀ ni ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí kì í ṣe ọ̀sán, tí kì í ṣe alẹ́. Ó ní kò sí ọmọ èèyàn tó lè rí bọ́ọ̀lù yẹn nígbà náà.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń fi eré náà jẹun pàápàá máa ń ráhùn nípa àkókò yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí nǹkan kan fura sí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nínú ooru, wọ́n ń ṣe Test alẹ́ ní Jàmáíkà. Aago tiwọn àti tiwa ní Chicago bára mu nígbà ooru, nítorí náà a ń wò ó bí ìgbà tó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ilẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi fa àga rẹ̀ síwájú. Ó tún fà á. Ó fà á títí ó fi bo gbogbo tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ̀yìn yín nìkan ni mò ń wò o."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sún kúrò. "Ṣé ìwọ ń rí bọ́ọ̀lù yẹn?"

"Mò ń rí i, sà."

"Irọ́ ni. Ò ń wo ibi táwọn èèyàn ń sáré sí, o wá ń méfò ibi tó wà."

Mi ò bá a jiyàn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń sọ.

Àwọn ọmọ Íńdíà àti Pakísítàánì kan ní kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń gbá ní Aurora, àwọn ará Jàmáíkà díẹ̀ sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀ńpáyà wọn. Á wọ kóòtù funfun, á dé fìlà, á dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta níbi tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ti ń sáré wá, òun ni yóò sì sọ ẹni tó ti jáde kúrò nínú eré àti ẹni tí kò tíì jáde. Uncle ni gbogbo wọn ń pè é. Lọ́jọ́ kan wọ́n háyà pápá tó ní iná, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ fi bọ́ọ̀lù píńkì ṣe tiwọn láti ọ̀sán wọ alẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ta kò ó, àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó lọ. Mo wá láti Joliet lọ wòran.

Ọ̀sán lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Oòrùn wá wọ̀, iná tàn, ojú ọ̀run sì dà bí eérú. Ọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù padà tààrà, ó le bí òkúta. Ẹni tó jù ú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá, bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo wa pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo iwájú. Bọ́ọ̀lù náà bà á nísàlẹ̀ eegun ọrùn.

Kò yẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ohun tó já mi láyà nìyẹn, torí pé ẹni tó bá rí nǹkan tó ń bọ̀ wá bá òun, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó rí i, á gbé ọwọ́.

Ó kúnlẹ̀ sórí koríko. Nígbà tí mo fi máa sáré débẹ̀, wọ́n ti yí i ká. Ọ̀dọ́kùnrin tó ju bọ́ọ̀lù náà di apá rẹ̀ mú. "Uncle, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Ẹ jù ú sọnù," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Bọ́ọ̀lù yẹn ò dáa."

Wọ́n wo ara wọn. Balógun wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, àní lójú ọ̀sán gangan, Uncle kì í rí ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà mọ́. Àwọn sì ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti jáde, kó máa lọ fúnra rẹ̀, kó má dúró de ìdájọ́, kó má bàa di pé Uncle dá ẹjọ́ èké níwájú èèyàn. "Àgbà wa ni," ó ní. "Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un."

Nígbà tá a dé parking lot, ẹ̀gbọ́n mi na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ sí mi. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á rí. Mo wà á jáde sójú títì.

"Àbúrò, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Láti ọwọ́ ẹni tó jù ú?"

"Láti ọwọ́ rẹ̀."

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà ojú ní glaucoma ni. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni àrùn náà máa ń jẹ ojú, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kì í dunni, èèyàn kì í sì í tètè mọ̀. Èyí tó ti lọ ti lọ. Oògùn tí wọ́n á máa kán sí i lè bá a di èyí tó kù mú fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ èyí tó kù kò pọ̀. Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí. Bàbá wa fọ́jú kó tó kú, nílé wọ́n sì sọ pé ayé ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Bàbá ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ìwọ lọ yẹ tìẹ wò."

Mo lọ. Wọ́n ní ojú mi mọ́ kedere. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní alhamdulillah, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn fún mi. Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ mu omi, mo lọ dúró sí kíṣìnì, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó má bàa gbọ́ ẹkún mi.

Ó dá license mọ́tò rẹ̀ padà. Ó kó kóòtù funfun rẹ̀ fún àwọn ará Aurora. Nígbà tí Test alẹ́ mìíràn tún dé, ó ní kí n wá, kí n máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún òun. Mo jókòó tì í, mò ń sọ ọ́: ẹni tó ń sáré bọ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀, bó ṣe ṣẹ́ kọ́rọ́ tó sì wó igi. Ilẹ̀ ń ṣú lọ́hùn-ún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ̀ ń sọ látọjọ́ yìí. Test alẹ́ yìí ò dáa. Ta ló lè rí bọ́ọ̀lù yìí?"

Ó yí ojú sí mi. Mi ò rí irú ìbínú yẹn lójú rẹ̀ rí.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi," ó ní. "Ṣé o ń rí i àbí o ò rí i?"

"Mò ń rí i, sà."

"Ṣé ó dáa lójú rẹ?"

"Ó dáa, sà."

"Ó yá, jà mí níyàn. Tó o bá ń gbà fún mi, kí ló wá kù fún mi?"

Mo sì jà á níyàn. Mo sọ ti àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀, ti àwọn ọmọ, ti atẹ́gùn. Ó ń ti ìrì bọ́ sórí tẹ́tẹ́, ó ń ti tẹ́tẹ́ bọ́ sórí oyin àti ata, àmọ́ nígbà tó kan ọ̀rọ̀ àìríran ní ìrọ̀lẹ́, ó fò ó dá.

Kí òtútù tó dé, ó ní òun ń lọ sílé. Màmá wa ṣì wà láàyè ní Ìjẹ̀bú, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó ní òun fẹ́ rí ojú wọn nígbà tí èyí tó kù nínú ojú òun ṣì wà.

Ní O'Hare, ó kọ àga onítáyà tí wọ́n fẹ́ fi tì í. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò ṣe nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a rìn dé ibi tí wọn ò ti ní jẹ́ kí n kọjá mọ́, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí táìsì. Lọ́tẹ̀ yìí kò ní kí n dìde. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé mo wà nílẹ̀.

Nígbà tó rìn síwájú díẹ̀, ó yíjú padà, ó juwọ́. Ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì bí irú tèmi ló kọjú sí. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó juwọ́ padà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín sí i, ó sì wọlé lọ.