Ihò Àárín Gbùngbùn

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ, kí n tó padà wá sí Ṣakí láti ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó níta pé: "IṢẸ́ IRIN TÍ KÌ Í YẸ̀." Irin ẹ̀rọ ìlọta àti ti ọ̀kadà ni mo ń tún ṣe jù. Ẹni tó fẹ́ lọ ata kì í béèrè bóyá iṣẹ́ yẹ̀ tàbí kò yẹ̀, bí ata bá ṣáà ti kúnná. Bí pátákó náà ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò dán an wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan gun ọ̀kadà dé láti Ògbóòro. Ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ wé nǹkan gígùn kan. Nígbà tó tú u, ìbọn ṣakabùlà ni, èyí tí bàbá rẹ̀ àgbà fi ṣọdẹ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yìn ín kẹ́yìn.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ kó yìn o. Ara ògiri pálọ̀ ni mo fẹ́ gbé e kọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ mi lè fà á, kí ó máa dún 'ká'."

Ohun tó bàjẹ́ kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ: irin róbótó kan tó ní ihò láàárín, tí òòlù ìbọn náà, èyí tó máa ń já tó sì ń dún, ń yí lé lórí. Ó ti là sí méjì. Òmíràn ni kí n ṣe, kí n sì lu ihò sí i.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ihò kan ṣoṣo? Ẹ jókòó, bàbá. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ẹ ó ti wà lọ́nà ilé."

Mo gé irin, mo fi ìṣó líle lu àmì sí àárín rẹ̀, mo sì gbé e sábẹ́ dírìlì. Ẹnu dírìlì náà kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Bó ṣe kan irin báyìí, ó yà kúrò lójú àmì bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Etí ló lu sí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kán sínú irin. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọlé dáadáa láti òkè, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ jáde nísàlẹ̀.

Bàbá na ọrùn. "Ṣé ibi tí o fẹ́ kó gbà nìyẹn?"

"Mò ń dán irin náà wò ni, bàbá."

Wọ́n pe Alásárì, a kírun, a tún padà síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, bàbá dìde, ó wo pátákó mi títí. Ó ní, "Iṣẹ́ tí kì í yẹ̀ kò yẹ ká kánjú rẹ̀. Màá padà wá lọ́tùnla."

Ojú tì mí. Lọ́jọ́ kejì, mo dá ẹ̀rọ ìlọta gbogbo ènìyàn dúró. Mo fi irin náà sẹ́nu léètì kó lè máa yí fúnra rẹ̀, kí dírìlì sì dúró gbọin sójú kan. Mo kọ́kọ́ fi ẹnu dírìlì tó kúrú tó sì nípọn tọ́ ojú rẹ̀, kí èyí tó tín-ínrín tó tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú òróró. Nígbà tó jáde, mo wọ̀n ọ́n yíká: dọ́gbadọ́gba ni. Mo fi han ìyá kan tó gbé irin ẹ̀rọ gàrí wá láti Ìgànná. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ihò ni, àbí?" ni ó wí. "Tèmi ńkọ́?"

Bàbá dé bó ṣe ṣèlérí. Mo to ìbọn pọ̀, mo fa òòlù, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ kó bà ló já sí. Kò dún 'ká'. "Pẹ́" ló dún, bí ìgbà tí ìṣáná bá tutù.

Mo so irin àtijọ́ tó là náà pọ̀, mo wọ̀n ọ́n. Ihò rẹ̀ kò sí láàárín rárá! Ó yẹ̀ tó ìnípọn èékánná, òòlù náà sì tẹ̀ láti bá a mu.

Bàbá ní, "Ojú kan ni alágbẹ̀dẹ tó ṣe é ní. Ṣùgbọ́n ìbọn náà pa ẹtu."

"Ẹ ò sọ fún mi, bàbá!"

"O ò bi mí. Pátákó rẹ ni mo kà."

Èmi tí mo fi ọjọ́ kan gbáko wá àárín wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí màá ṣe kúrò níbẹ̀. Mo gé páànù agolo mílíìkì, mo fi há abẹ́ ọ̀kan nínú eyín tí léètì fi ń di irin mú, kí irin lè sún díẹ̀. Ìgbà kẹrin ni ó bọ́ sí i. Nígbà tí òòlù já, tó dún "ká!", inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba fírídọ̀mù lẹ́yìn ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ. Bàbá fà á bí ìgbà mẹ́wàá kó tó wé e.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo bá ìsọmọlórúkọ kan lọ sí Ògbóòro, mo sì yà kí bàbá nílé. Ìbọn wà lára ògiri lóòótọ́. Mo bi ìyàwó bàbá bóyá àwọn ọmọ ọmọ wọn ń gbádùn rẹ̀.

"Ọmọ ọmọ wo?" ni ìyá dáhùn. "Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn nìkan ló ń fà á láti àárọ̀ dalẹ́." Ìyá wá sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, íńjíníà, ṣé kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i tí kò fi ní dún mọ́?"

Mo ní iṣẹ́ yẹn ju agbára mi lọ.